Between (ọ̀rọ̀ atọ́kùn èdè Gẹ̀ẹ́sì)

“Between” jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń tọ́ka sí àyè, àkókò, iye tàbí àjọṣe tó wà lágbedeméjì ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a sábà fi ń túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò ṣe déédéé ara wọn. Láàárín ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì pín fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, “between” náà sì ní àwọn ìlò kan tí Yorùbá kì í fi láàárín sọ rárá.

Púpọ̀ nínú àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ mọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tó múlé ti ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ ni pé aáwọ̀ ilẹ̀ tó wáyé níbẹ̀ ti mú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ kan wà láàárín ìlú méjì, ó yẹ kí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ mọ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ.

Orísun

“Between” ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí betwēonum. Apá kìíní rẹ̀, be, túmọ̀ sí “ní ẹ̀gbẹ́” tàbí “nítòsí”. Apá kejì bá ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ “méjì” tan. Láti inú ìdílé kan náà ni “two”, “twin” àti “twice” ti wá. Èyí ni àwọn olùkọ́ kan gbé lé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé ohun méjì péré ni “between” wà fún, àti pé bí nǹkan bá ti di mẹ́ta, “among” ni kí a lò. Òfin náà le ju bí èdè fúnra rẹ̀ ti rí lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tí James Murray jẹ́ olóòtú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde, fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń lo “between” fún ohun tó ju méjì lọ. Ohun tó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé “between” ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí “among” ń kó gbogbo wọn pọ̀ bí agbo kan. Bí Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun bá jọ fọwọ́ sí àdéhùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ àwọn méjì yòókù ní ojúṣe, “between” ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú mẹ́ta ni wọ́n.

Yorùbá kò ní wàhálà yìí. Láàárín ni fún méjì, láàárín náà ni fún ogún.

Láàárín àti bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀

Láàárín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìpilẹ̀. Ní àti àárín ló sún kì di ọ̀kan: a pa fáwẹ́lì ní jẹ, kọ́ńsónáǹtì n sì di l níwájú fáwẹ́lì tí kì í ṣe i. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ní lórí, lábẹ́, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níwájú i, n kì í yí padà, òun ló fà á tí a fi ń sọ nílé, níta, nínú. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, a máa ń rí lãrin tí a fi àmì sí orí fáwẹ́lì láti fi hàn pé ó gùn. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 pa àmì náà tì, ó sì ní kí a máa kọ fáwẹ́lì méjì níbi tí a bá ti ń gbọ́ méjì. Síbẹ̀, láàrin àti láàárín ṣì ń bá ara wọn gbé nínú ìwé ìròyìn títí di òní, kò sì sí ìyàtọ̀ ìtumọ̀ kankan nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ gírámà kò fi ẹnu kò lórí irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́. Àwọn kan ka láàárín lódindi sí ọ̀rọ̀ atọ́kùn, kí ó lè bá “between” dọ́gba. Àwọn mìíràn sọ pé ní nìkan ni atọ́kùn, àti pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni àárín, gẹ́gẹ́ bí orí, inú àti ẹ̀yìn ti jẹ́. Èrò kejì yìí ló bá ìlò mu jù. Àárín lè ṣe olùwà nínú gbólóhùn: “Àárín wọn kò gún”, “Àárín wọn ti dàrú”, “Àárín àwa àti wọn dára.” Ó lè ṣe àbọ̀: “Ẹ má ba àárín wa jẹ́.” A lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn yán an: àárín gbùngbùn, àárín ọjà, àárín ìlú. Kò sí èyí tí “between” lè ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Fún Gẹ̀ẹ́sì, ìbátan lásán ni ọ̀rọ̀ náà ń fi hàn. Fún Yorùbá, ibìkan ni àárín jẹ́, ó ní olówó, ó lè dára, ó sì lè bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ “Àárín wọn kò gún” sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ orúkọ tuntun, bí àjọṣe tàbí ìbáṣepọ̀, nítorí “between” kò lè dá dúró.

Ibi

Ìlò tó rọrùn jù ni ti ibi. Ìlobùú wà lórí odò Erinlẹ̀, tó ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo, ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ẹdẹ ti pàdé. Arìnrìn-àjò lè sọ pé Ìlobùú wà láàárín Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́. “Between” gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù òun wà láàárín Ìlobùú, “between” ti kúrò níbẹ̀. Inú ìlú, ní agbedeméjì rẹ̀, ni ó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ ohun méjì, tàbí ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀, kí “between” tó lè ṣiṣẹ́. Yorùbá lè fi ohun kan ṣoṣo ṣe é.

Ìyàtọ̀ yìí dà bí ohun kékeré títí a ó fi dé orí àkọlé ìròyìn. Bí olóòtú kan, nítorí àyè tó há, bá gé “Ìjà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n” kù sí “Ìjà láàárín Ìlobùú”, kì í ṣe pé ó ké gbólóhùn náà kúrú. Ó ti sọ pé àwọn ará Ìlobùú ń bá ara wọn jà.

Èrò wíwà láàárín kì í ṣe àjèjì sí ìtàn àdúgbò náà. Erinlẹ̀, òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ odò náà, tí Ìlobùú sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi ìsìn rẹ̀, jẹ́ ọdẹ tó di odò. Àwọn tó ń bọ ọ́ mọ̀ ọ́n sí ti igbó àti ti omi, sí ọdẹ àti oníṣègùn. Ní ti Ìfọ́n, Òrìṣà Olúfọ́n, tí í ṣe Ọbàtálá, ni ìlú náà fi lókìkí. Òun ni àwọn ará Brazil ń pè ní Oxalufã. Orúkọ Ìfọ́n fúnra rẹ̀ nílò àfikún kí ó tó yé ènìyàn, nítorí Ìfọ́n mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, Olúfọ́n sì ni a ń pe ọba ibẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.

Àkókò àti iye

Gẹ̀ẹ́sì máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àkókò pọ̀ pẹ̀lú “and” lẹ́yìn “between”. Yorùbá máa ń lo sí: “Ẹ wá láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá.” Láti ibí ni àṣìṣe kan tó gbilẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wa ti wá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ “between 8 to 10”. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣi Yorùbá lò. Yorùbá ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. “From” ni “to” máa ń tẹ̀lé, “and” sì ni ti “between”.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ gígùn àkókò. “Láàárín ọdún mẹ́ta” nínú Yorùbá túmọ̀ sí pé kí ọdún mẹ́ta tó pé, tàbí ní gbogbo ìwọ̀n ọdún mẹ́ta náà. “Within” tàbí “in” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bí a bá kọ “between three years”, kò ní ìtumọ̀, nítorí kò sí ohun méjì tí àkókò náà wà lágbedeméjì wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ìtúnu ààwẹ̀ àti Iléyá, a rí ohun méjì: oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kàlẹ́ńdà òṣùpá fi sí àárín ọjọ́ méjèèjì.

Ibi tí èdè méjèèjì ti yàtọ̀ jù lọ ni ti kíka òpin. “Between” nínú ìlò rẹ̀ tó wọ́pọ̀ máa ń yọ ohun méjèèjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun sílẹ̀. Bí ọjà bá wà lónìí, tí òmíràn sì wà ní ọjọ́ kẹrin sí i, ọjọ́ mẹ́ta ló wà “between” àwọn ọjà méjèèjì. Àṣà Yorùbá máa ń ka ìpẹ̀kun mọ́ ọn. Ọjà ọrọọrún ni a ń pe ọjà tí a ń ná báyìí, láti inú àrún, nítorí a ka ọjọ́ ọjà tó kọjá àti èyí tó ń bọ̀ mọ́ iye náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹta: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni. Kò sí èyí tó tọ́ ju èkejì lọ nínú ọ̀nà ìkàyé méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé ìpè sí ìpàdé tàbí gbèdéke ọjọ́ láti èdè kan sí èkejì lè fi ọjọ́ kan gbáko pàdánù.

Pípín, yíyàn àti ìyàtọ̀

Níhìn-ín láàárín kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé a pín owó “between” ọmọ méjì. Yorùbá a máa sọ pé a pín in fún àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì a máa yàn “between” ohun méjì. Yorùbá a máa mú ọ̀kan nínú méjì. Ti ìyàtọ̀ nìkan ni ó bára mu: “ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣu àti èsúrú.”

Àjọṣe, àṣírí àti alárinà

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó a máa sọ pé “between you and me”. Yorùbá ní irú rẹ̀: “Àárín èmi àti ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí mọ o.” Ọ̀rọ̀ ń bá a lọ lórí ìparí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí. Gírámà ìjọba ní “me” ni kí ó tẹ̀lé atọ́kùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń sọ “I”, William Shakespeare pàápàá sì fi “I” sínú lẹ́tà kan nínú eré rẹ̀ nípa oníṣòwò Venice. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣe é ní ìdí tirẹ̀. Àti kì í so mo àti o pọ̀. Èmi àti ìwọ nìkan ni ó lè so, èmi kan náà yìí sì ni a ń lò yálà ó ṣe olùwà tàbí ó tẹ̀lé atọ́kùn. Kò sí ohun tó kọ́ ọ pé “I” gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹni tó bá dúró láàárín àwọn méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “go-between”. Alárinà ni tiwa, pàápàá nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́, níbi tí òun ti ń ru ọ̀rọ̀ láti ilé ọkọ lọ sí ilé ìyàwó kí ìdílé méjèèjì tó rí ara wọn. Onílàjà yàtọ̀ sí i. Alárinà ń so àwọn tí kò mọ ara wọn pọ̀. Onílàjà ń là wọ́n níjà nígbà tí wọ́n ti mọ ara wọn tán.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, “between” sábà máa ń mú “in” dání, láìsí orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀: ilé kan níbí, ilé kan lọ́hùn-ún, oko “in between”. Yorùbá yóò ní “oko ló wà láàárín wọn”, nítorí àárín kì í fẹ́ wà láìní ẹni tó ni ín.

Láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn; Olóbùú ni ọba ibẹ̀. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orolu. Olúfọ́n ni ọba ibẹ̀. Ọdún 1991 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìgbéyàwó, ọjà, oko àti ilé-ìwé ti so àwọn ará ìlú méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2025, lẹ́yìn ìjà tó gba ẹ̀mí tó sì jó ilé, Gómìnà Ademola Adeleke kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì.

Gbólóhùn kan tí ó ṣòro láti yẹra fún nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni “ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n”. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí kò tíì jẹ́ ti ìkankan nínú wọn, tó kàn wà lágbedeméjì. Ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n jọ ni, níwọ̀n bí àárín ti jẹ́ ohun tí ènìyàn méjì lè jọ ní. Ìtumọ̀ kẹta ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí. “Between” nínú Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìtumọ̀ kejì; bí a bá gbọ́ ọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ilẹ̀ náà wà ni a kọ́kọ́ ń rò, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ìwé kan tí agbẹjọ́rò kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lè di ohun mìíràn létí àgbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún láàfin. Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí atúmọ̀ má fi láàárín nìkan sílẹ̀. Kí ó sọ ọ́ gbangba: ilẹ̀ tí àwọn ìlú méjèèjì jọ ń lò, tàbí ilẹ̀ tí kò tíì sí ìdájọ́ lé lórí, tàbí ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi báyìí dé ibi báyìí.

Lórí “láti ibi báyìí dé ibi báyìí” náà, ọ̀rọ̀ ìkàyé tí a sọ lókè tún yọjú. Ilẹ̀ tó wà “between” odò kan àti igi ìrókò kan, ṣé odò wà nínú rẹ̀? Ṣé ìdí ìrókò wà nínú rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ìwé òfin yóò ní rárá, àyàfi bí ìwé náà bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin pèrègún sí ààlà. Pèrègún kì í tètè kú, kò sì ṣòro láti dá mọ̀, ìlà tí ó tò lé ni ààlà náà. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì hú u ni a ń dá lẹ́bi láìbèèrè ibi tó ti wá. Lónìí, àwọn awọnlẹ̀ ń fi òpó kọnkéré rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sí i lórí.

Nínú ìwé ẹjọ́ Nàìjíríà, “BETWEEN” ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá lórí ojú ewé àkọ́kọ́, lókè orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, tí “AND” sì máa ń wà láàárín orúkọ wọn. Àwọn tó bá fẹ́ yẹra fún ilé ẹjọ́ lè gba ọ̀nà ìgbìmọ̀ ààlà. Òfin Ìgbìmọ̀ Ààlà Orílẹ̀-èdè ti 2006 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ààlà tirẹ̀, igbákejì gómìnà ni ó sì fi ṣe alága rẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí kò sí atúmọ̀ tó lè yanjú rẹ̀. “Between” àti láàárín ń béèrè orúkọ méjì, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nínú ìlú tí ìjà ti wáyé, kò sí ẹni tí kì í kíyè sí i. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, Ìlobùú ló ń ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé ètò ábídí la tẹ̀lé, Ìfọ́n ni ìbá ṣáájú. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá ara wọn ṣe àdéhùn ti rí ọ̀nà gbé e gbà láti ìgbà pípẹ́: ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń kọ, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni a kọ́kọ́ dárúkọ nínú ẹ̀dà tí yóò mú lọ sílé.